Orin Tó Dùn, Tó Sì Tún Ya Wèrè Díẹ̀

Mo ní ìdíwọ̀n kan tí mo fi ń wọn orin, kò sì le rárá: tí mi ò bá lè máa kọ ọ́ nígbà tí mò ń fọ abọ́, a jẹ́ pé orin yẹn ò tíì dọ́dọ̀ mi nìyẹn. Kó jinlẹ̀ bó ṣe fẹ́ jinlẹ̀, kí àwọn tó gbọ́n nínú orin máa gbé e gẹ̀gẹ̀ bó ṣe wù wọ́n, ọwọ́ wọn ló wà. Àmọ́ o, ìdíwọ̀n yẹn ní ẹ̀gbẹ́ kejì. Orin tí mo bá gbọ́ lẹ́ẹ̀kan péré tí mo ti mọ gbogbo ohun tó wà níkùn ẹ̀, kì í pẹ́ tó fi máa ń sú mi, kó dùn títí. Mo fẹ́ kó dùn mọ́ mi lẹ́nu, mo tún fẹ́ kó ya wèrè díẹ̀, kí n máa gbọ́ ọ lọ lọ lọ, kí n ṣàdédé sọ pé hà, kí lèyí tún ni, ta ló gbé èyí síbẹ̀.

Irú orin bẹ́ẹ̀ wà. Àwọn òyìnbó ń pè é ní progressive pop, àwọn míì á ní art pop, ẹ má jẹ̀ẹ́ ká torí orúkọ jà. Ẹni tó ń ṣe é mọ bí wọ́n ṣe ń hun orin tí ìyá ọlọ́jà àti ọmọ iléèwé á jọ máa kọ tẹ̀lé, ó kàn kọ̀ láti dúró síbẹ̀ ni. Á yí ìlù padà tí kò fi ní jẹ́ mẹ́rin-mẹ́rin tí gbogbo wa mọ̀, á jẹ́ kí orin já sí ọ̀nà tí ẹnikẹ́ni ò fọkàn sí, á lo ọ̀sẹ̀ mẹ́ta lórí ìró kan ṣoṣo tí ẹni tó ń gbọ́ ọ lè má tiẹ̀ mọ̀ pé ó wà níbẹ̀. Tí ẹ bá sì gbọ́ ọ lórí rédíò nínú mọ́tò, orin dídùn lásán lẹ máa pè é. Ohun tó mú mi nìyẹn.

Kate Bush, obìnrin olórin ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì kan, ni ìlẹ̀kùn tí mo gbà wọlé, mo sì mọ̀ pé èmi nìkan kọ́. Ní 2022, ọmọ kan tó máa ń wá tẹ ìwé ní ṣọ́ọ̀bù wa ní Under G, ní Ògbómọ̀ṣọ́, ń gbọ́ orin kan lórí fóònù ẹ̀ láìfi nǹkan sétí, bí àwọn ọmọ yẹn ṣe máa ń ṣe, ó ní inú fíìmù kan tí gbogbo wọn ń wò lórí Netflix lòun ti rí i, mo ní kó tún un gbé sí i. "Running Up That Hill" ni. Ọmọ yẹn rò pé orin tuntun ni. Ọdún 1985 ló ti jáde, nọ́ńbà 3 ló dé nílẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì nígbà náà, ó wá padà gun nọ́ńbà 1 lẹ́yìn ọdún 37 nítorí fíìmù yẹn. Ìró kan wà níbẹ̀rẹ̀ ẹ̀ tó ń ké tó sì ń lọ́, tí èèyàn ò mọ̀ bóyá gòjé ni àbí ohùn èèyàn. Ẹ̀rọ kan tó ń jẹ́ Fairlight ló fi ṣe é, kọ̀ǹpútà tí àwọn ará Ọsirélíà ṣe, èèyàn lè gba ìró yòówù sínú ẹ̀, kó jẹ́ ìró fáyólìn, kó jẹ́ ìró ìgò tó fọ́, kó wá máa tẹ̀ ẹ́ bíi kíbọ́ọ̀dù. Obìnrin yẹn sì kọ́ sítúdíò tiẹ̀ sílé àwọn òbí ẹ̀, kó lè lo àkókò tó bá wù ú láìsí ẹni tó ń wo aago mọ́ ọn lórí.

Ká ní ibẹ̀ ni mo dúró sí, ì bá tán síbẹ̀. Mo lọ wá odindi àwo náà, "Hounds of Love", mo fi dátà òru gbé e sórí fóònù. Ojú kìíní ní orin márùn-ún, gbogbo wọn ló fẹ́rẹ̀ẹ́ ṣeé kọ nídìí abọ́. Ojú kejì ni nǹkan yàtọ̀. Orin méje ló so kọ́ra níbẹ̀, ìtàn kan ṣoṣo sì ni gbogbo wọn: ẹnì kan ló bọ́ sínú òkun lóru, òun nìkan, ó ń gbìyànjú kóun má sùn lọ. Nínú ọ̀kan yìnyín ló bò ó mọ́lẹ̀, nínú òmíràn wọ́n ń dá a lẹ́jọ́ àjẹ́, nínú òmíràn ó padà dé ilé ẹ̀ ṣùgbọ́n ará ilé ò rí i. Ẹ̀ ń rò pé ó ti fẹ́ kú, wọ́n ti bẹ̀rẹ̀ ijó àwọn ará Ireland pẹ̀lú fáyólìn. Lẹ́yìn ìyẹn ni "Hello Earth", níbi tí ìlù àti dùrù ti dákẹ́ lójijì tí ẹgbẹ́ akọrin kan wọlé, orin ìbílẹ̀ orílẹ̀-èdè Georgia ni wọ́n ń kọ, Georgia tó múlé ti Rọ́ṣíà o, kì í ṣe ti Amẹ́ríkà, wọ́n ń fà á jẹ́ẹ́jẹ́, básì wà nísàlẹ̀ pátápátá. Èmi tí mo ti ń kọ tẹ́nọ̀ ní ṣọ́ọ̀ṣì látìgbà tí ohùn mi ti já, orí ibùsùn ni mo wà, mo dìde jókòó.

Ojú kìíní, ojú kejì. Ẹni tí wọ́n bí sínú ilé tí rẹ́kọ́ọ̀dù jùjú wà á ti mọ ohun tí mò ń sọ. Bàbá mi ní àpótí Sunny Adé àti Obey kan tí ọmọ kankan ò gbọdọ̀ fọwọ́ kàn. Nínú àwọn àwo yẹn, ojú kan lè jẹ́ orin kan ṣoṣo láti ìbẹ̀rẹ̀ dópin, bí ìṣẹ́jú 15, bí ìṣẹ́jú 20, orin á bímọ, ọmọ á tún bímọ, wọ́n á ki olówó kan títí orí ẹ̀ á fi wú, gítà á gbà á lẹ́nu wọn, gángan á dá gítà lóhùn, wọ́n á bọ́ sínú orin míì láìdánu dúró, ẹ ò sì ní mọ ìgbà tí wọ́n kúrò nínú ti àkọ́kọ́. Kò sẹ́ni tó sọ fún wa pé orin tó le là ń gbọ́. Ìyá mi á máa gbè é níbi tó ti ń ṣa ẹ̀wà. Nígbà tí mo wá ń ka ohun tí wọ́n kọ nípa àwọn orin gígùn ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì ti àwọn ọdún 1970, tí wọ́n ń sọ ọ́ bíi pé èèyàn gbọ́dọ̀ kọ́kọ́ ṣèdánwò kó tó lè gbọ́ ọ, ẹ̀rín ń pa mí. Sùúrù tí wọ́n ń sọ yẹn, inú ilé la ti ní in.

Àwọn òyìnbó náà kúkú mọ̀. Nígbà tí ẹgbẹ́ olórin Amẹ́ríkà kan, Talking Heads, ń ṣe "Remain in Light" tó jáde ní 1980, Fela ni àwọn àti Brian Eno tó bá wọn ṣe é ń gbọ́. Ẹni tó ń ta gítà onírin tó ń yọ̀ wìnnìwìnnì nínú "Graceland" Paul Simon, 1986, Dẹ́mọ́lá Adépọ̀jù ni, ọmọ ẹgbẹ́ Sunny Adé. Mo ti gbọ́ orin yẹn tipẹ́tipẹ́, ọjọ́ tí mo mọ̀ ni mo ṣẹ̀ṣẹ̀ gbọ́ ọ.

Ṣùgbọ́n èyí tó gba ọkàn mi jù nínú gbogbo ẹ̀, orin ẹgbẹ́ 10cc ni, "I'm Not in Love", ti 1975, tó bá jẹ́ pé ọmọ ẹgbẹ́ akọrin ni yín, ẹ fara balẹ̀ ká sọ ọ́ dáadáa. Àwọn mẹ́rin ni wọ́n, agbègbè Manchester ni wọ́n ti wá, wọ́n ní sítúdíò tiwọn ní Stockport. Wọ́n kọ́kọ́ ṣe orin náà bí orin ijó bossa nova, kò dùn, wọ́n pa á tì. Nígbà tó yá ni ọ̀kan nínú wọn, Kevin Godley, ní káwọn tún un ṣe, kó jẹ́ ohùn èèyàn ló máa gbé e láti òkè délẹ̀. Wọn ò háyà ẹgbẹ́ akọrin kankan. Àwọn mẹ́ta dúró síwájú máíkì, wọ́n kọ nóòtì kan ṣoṣo, "aaaa", wọ́n tún un kọ, wọ́n tún un kọ, ó di ìgbà 16, ìyẹn ni pé ohùn 48 ti wà lórí nóòtì kan. Wọ́n wá bọ́ sí èyí tó tẹ̀lé e. Láti dò títí dé dò òkè, pẹ̀lú gbogbo àwọn tó fara pamọ́ sáàárín, nóòtì 13, ẹ bá mi ṣírò ẹ̀, ohùn 624. Ọ̀sẹ̀ mẹ́ta ló gbà wọ́n. Wọ́n so téèpù nóòtì kọ̀ọ̀kan lórí-nídìí kó lè máa yí láìdúró, wọ́n fún ọ̀kọ̀ọ̀kan ní ojú ọ̀nà tiẹ̀ lórí ẹ̀rọ tí wọ́n fi ń po ohùn pọ̀, àwọn mẹ́rẹ̀ẹ̀rin wá yí ẹ̀rọ náà ká, olúkúlùkù ń fi ìka gbé nóòtì tiẹ̀ sókè, ó ń rọra gbé e wálẹ̀. Ẹ̀rọ yẹn gan-an ló di dùrù tí wọ́n ń tẹ̀. Wọ́n tiẹ̀ fi téèpù alẹ̀mọ́ dí ìsàlẹ̀ ojú ọ̀nà náà kí nóòtì kankan má lè kú tán, torí náà látìbẹ̀rẹ̀ títí dé òpin ni gbogbo nóòtì ń kùn pọ̀ nísàlẹ̀ orin. Ohùn obìnrin tó ń sọ̀rọ̀ wúyẹ́wúyẹ́ láàárín orin ńkọ́? Akọ̀wé sítúdíò ni. Gbogbo wàhálà yìí, nítorí orin ọkùnrin kan tó ń purọ́ fún obìnrin pé òun ò nífẹ̀ẹ́ ẹ̀, orin náà sì gba nọ́ńbà 1 nílẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì, ó gba nọ́ńbà 2 l'Amẹ́ríkà, àwọn èèyàn ń fi jó mọ́ra wọn láìmọ ohun tó wà lábẹ́ ẹsẹ̀ wọn.

Mo gbé e lọ fún ẹgbẹ́ akọrin wa. Kì í ṣe orin náà o, ẹ jọ̀ọ́, Onítẹ̀bọmi ni wá, ọ̀nà tí wọ́n gbà ṣe é ni. Ìlú tí wọ́n ti dá sẹ́mínárì Onítẹ̀bọmi sílẹ̀ ní 1898, sólífà ti wọ̀ wá lẹ́jẹ̀, àwọn ìyá wa tí wọn ò lè ka Gẹ̀ẹ́sì ń ka sólífà bí ẹni ń ka àkàrà. Ìrọ̀lẹ́ Sátidé kan tí ọ̀gá akọrin ò tíì dé, mo ní kí ẹnì kọ̀ọ̀kan di nóòtì kan ṣoṣo mú, kó máa mí nígbà tó bá wù ú, ṣùgbọ́n kí ẹnìkejì ẹ̀ má jẹ̀ẹ́ kó já. Màmá kan nínú tírẹ́bù mú dò, àwọn ọmọbìnrin méjì nínú áltò mú mí, èmi àti ẹnìkan mú sò. Bùọ̀dá kan wá wà nínú básì tó jẹ́ pé tí gbogbo wa bá lọ sápá ọ̀tún, òsì lòun ń lọ, ó ní fà lòun máa mú. Fà, lẹ́gbẹ̀ẹ́ mí! Mo bẹ̀rẹ̀ sí í gbé ọwọ́ sókè sódò bí àwọn ará Stockport, mo gbé dò sókè, mo gbé sò, mo ní "Bùọ̀dá, ẹ rọra mú tiyín wá, ẹ rọra," fà yẹn sì ń yọ bọ̀ lábẹ́, ó ń gún mí lára, gbogbo inú ṣọ́ọ̀ṣì bẹ̀rẹ̀ sí í gbọ̀n rìrì, páànù ń bá wa kọ ọ́. Màmá tó mú dò di ojú ẹ̀. Ẹnikẹ́ni ò fẹ́ dáwọ́ dúró. Ibẹ̀ la wà tí ọ̀gá akọrin fi yọjú lẹ́nu ọ̀nà pẹ̀lú báàgì lọ́wọ́, ó wò wá títí, ó ní, "Ta ló kú?"

Ìyẹn lohùn. Ti ìlù tún wà. Peter Gabriel fi ẹgbẹ́ Genesis sílẹ̀ ní 1975, àwọn tí orin wọn máa ń gùn tó sì máa ń díjú, orin tó fi jáde lóun nìkan ní 1977 ni "Solsbury Hill", òkè kékeré kan ni nítòsí ìlú Bath. Ó dùn, ó fúyẹ́, gítà kan ń ta tìn-tìn-tìn, kí ẹ tó mọ̀ ẹ ti ń mi orí. Ẹ wá pàtẹ́wọ́ sí i. Ọwọ́ yín á ṣìnà. Méje ló ń kà níbi tó pọ̀ jù, kì í ṣe mẹ́rin, kì í ṣe mẹ́jọ, ibi tó yẹ kó ti ka ìkẹjọ ló ti bẹ̀rẹ̀ òmíràn, síbẹ̀ ẹni tó ń kọ ọ́ ò tiẹ̀ ṣe bí ẹni pé nǹkan kan ṣẹlẹ̀.

Ẹ̀gbọ́n mi kan wà ládùúgbò, ọmọ Àyàn ni, gángan ló ń lù, òde Ọ̀yọ́ òde Ìlọrin kì í wọ́n ọn. Mo fún un ní íápíìsì kan, mo fi èkejì sétí ara mi, mo ní, "Ẹ̀gbọ́n, ẹ bá mi ta kónkóló sí èyí." Ó mú ìgò mínírà tó wà níwájú ẹ̀, ó ń fi kọ́kọ́rọ́ ta á. Kónkóló, kónkóló. Lákọ̀ọ́kọ́ ó jọ pé ó bá a mu, nígbà tó tún yí po ó ti ń yẹ̀, nígbà tó tún yí po ó bínú, ó yọ nǹkan náà létí.

"Olè làwọn wọ̀nyí."

Mo ní kí ni wọ́n jí.

"Ẹsẹ̀ kan. Wọ́n ti jí ẹsẹ̀ kan níbẹ̀."

Ó tún gbà á padà, ó fi sétí, ó ń fi ọmọ-ìka ẹsẹ̀ kà á nínú sálúbàtà ẹ̀, kò sọ̀rọ̀ mọ́ títí orin fi parí. Ó ní kí n tún un gbé sí i. Mo ti sọ fún un pé òkè kan ni wọ́n ń kọrin nípa ẹ̀. Ó fa gángan sábẹ́ apá, kò lù ú bí ẹni ń bá orin lọ, ọ̀rọ̀ ló fi í sọ: Ẹ jẹ́ ká lọ sí òkè. Ẹ jẹ́ ká lọ sí òkè. Ẹ kà á wò. Méje géérégé, ó sì bọ́ sójú ibi tó yẹ láìyẹ̀, bẹ́ẹ̀ ló ṣe lù ú lọ títí iná fóònù mi fi ń pariwo pé òun fẹ́ kú. Ó ní ìdí tí ọwọ́ àwa fi ń ṣìnà ni pé à ń kà á, pé onílù kì í ka nǹkan kan, ẹni tó bá ti ní ọ̀rọ̀ tó gba méje, á lu méje.

Ẹ má wá rò pé gbogbo orin tó díjú ni mo gbà o. Èyí tí ẹnì kan á kàn máa sáré lórí kíbọ́ọ̀dù fún ogún ìṣẹ́jú láti fi hàn pé òun ní ìka mẹ́wàá, oorun ló ń gbé mi lọ. Àwọn olólùfẹ́ irú orin yẹn sì le koko. Steven Wilson, ọkùnrin tó dá ẹgbẹ́ Porcupine Tree sílẹ̀, gbé àwo "To the Bone" jáde ní 2017, ó sọ ọ́ lẹ́nu ara ẹ̀ pé àwọn àwo tí òun fi dàgbà lòun fẹ́ kó jọ, ti Kate Bush, ti Peter Gabriel, ti Talk Talk, ti Tears for Fears. Orin kan wà nínú ẹ̀, "Permanating", ó ń fò sókè bí orin ABBA, inú ẹ̀ dùn gan-an ni. Àwọn kan nínú àwọn èèyàn ẹ̀ bínú! Wọ́n ní ó ti lọ di olórin rédíò. Mo mọ àwọn èèyàn yẹn, wọ́n wà níbí náà, àwọn ló máa ń sọ pé ohun tí wọ́n bá ti ń jó sí lóde ò lè jinlẹ̀, àwọn ló máa ń fẹ́ ká kọ áńtẹ́ẹ̀mù tí ìjọ ò ní lè gbé ẹsẹ̀ kan nínú ẹ̀. Èrò tèmi ni pé èyí tó le jù ni kéèyàn ṣe ohun tó díjú kó sì dà bíi pé kò díjú. Ẹnikẹ́ni tó bá jókòó ti ìwé lè kọ orin tó ń ka 13. Kí ìyá mi wá gbè é.

Kò sì dìgbà tó bá gùn. "Good Vibrations" àwọn Beach Boys, 1966, kò tó ìṣẹ́jú mẹ́rin, ó sì lé lóṣù mẹ́fà tí wọ́n fi ń gbà á sílẹ̀ ní sítúdíò ọ̀tọ̀ọ̀tọ̀, wọ́n ń ṣe é ní abala-abala, wọ́n wá gé téèpù, wọ́n rán àwọn abala náà pọ̀ bí aláṣọ-òkè Ìṣẹ́yìn ṣe ń ran ọ̀já mọ́ ọ̀já. Tí ẹ bá ti mọ̀, ẹ ó máa gbọ́ ojú ìrán náà. Tàbí "Mr. Blue Sky" ti ẹgbẹ́ ELO, 1977, tó dùn débi pé ó fẹ́rẹ̀ẹ́ pọ̀jù, tí ohùn ẹ̀rọ kan wá sọ̀rọ̀ lẹ́yìn tí gbogbo ẹ̀ ti parí, tó ní kí ẹ jọ̀wọ́ yí òun padà, torí pé ibẹ̀ ni ojú kẹta àwo náà parí sí. Èmi tí mò ń gbọ́ ọ lórí fóònù, kí ni mo fẹ́ yí?

Ẹ̀gbọ́n mi onílù ti wá dẹni tó ń lé mi kiri báyìí. Tó bá ti rí mi, "Ṣé èyí tó ń ka márùn-ún ò sí?" Mo gbé "15 Step" ti ẹgbẹ́ Radiohead fún un, ó ka márùn-ún látìbẹ̀rẹ̀ dópin, ó fẹ́ràn ẹ̀ ju bí èmi ṣe fẹ́ràn ẹ̀ lọ, torí lójú tèmi ìlù ibẹ̀ dáa ju orin ibẹ̀ lọ, a sì ti jiyàn lórí ìyẹn títí. Mo wá fẹ́ fi ìtàn gbé e lọ́kàn, mo ní, "Ẹ̀gbọ́n, ẹ ò mọ̀ pé nígbà tí àwọn yìí gbé àwo tí orin yìí wà nínú ẹ̀ síta ní 2007, wọn ò dá iye lé e. Orí íntánẹ́ẹ̀tì ni wọ́n gbé e sí, wọ́n ní kí olúkúlùkù san iye tó bá wù ú, ẹni tí kò bá wù láti san kọ́bọ̀, kó máa gbé e lọ. Gbogbo ayé ló pariwo ẹ̀ pé irú ẹ̀ ò ṣẹlẹ̀ rí."

Ó wò mí. Ó ní, "Irú kí ni ò ṣẹlẹ̀ rí? Ta ló ń dá iye lé onílù lóde? Bàbá mi lù, bàbá wọn lù, ẹni tó wù á ná ẹgbẹ̀rún, ẹni tó wù á jó tán, á nu òógùn, á lọ jókòó." Ó tún fi íápíìsì sétí. "Gbé márùn-ún yẹn sí i jàre."